Ọwọ́ òsì ni táńgò wà

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé, ó sì ti tó ọdún 9 tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àbúrò bàbá mi tó dé láti òkè òkun fún mi ní àkọ́díọ̀nù àlòkù kan tó ní bọ́tìnnì 120 lápá òsì. Mo ti kọ́ táńgò méjì, orin ijó kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, nínú fídíò. Àwọn nóòtù rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló ń sọ pé bí orin ìsìn ló ṣe ń dún. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Orin ilẹ̀ wo ni kí n tún fi kún un? Wọ́n ti pè mí síbi ìnáwó kan ní Ilé-Ifẹ̀ lóṣù Disẹ́ńbà, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fún mi.”

Ìdáhùn: Ẹni tó ti tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún 9 kò ní wàhálà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì lọ̀rọ̀ wà, kì í sì í ṣe nítorí bọ́tìnnì tó pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló ń fa ẹwìrì, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó wà láàárín kíì àti bọ́tìnnì, òun ló ń tì í, ẹwìrì sì ni èémí ohun èlò yìí. Lórí kíbọ́ọ̀dù, tí ẹ bá ti tẹ kíì, iná mànàmáná á gbé ohùn náà dúró títí ẹ ó fi gbọ́wọ́. Ti àkọ́díọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nóòtù ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe wú, bó ṣe kú, ọwọ́ òsì ló ń pinnu gbogbo ẹ̀. Orin ìsìn ń fẹ́ kí ohùn lọ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, ohun tí ọwọ́ yín sì ti mọ̀ nìyẹn. Táńgò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdí tí kò fi fẹ́ ẹ wà lára ohun èlò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ní Buenos Aires ní Ajẹntínà àti Montevideo ní Urugúáì, bandoneon ni ọba táńgò, kì í ṣe àkọ́díọ̀nù. Jámánì ni bandoneon ti wá. Orúkọ Heinrich Band ará ìlú Krefeld ni wọ́n fi pè é ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọ̀rúndún yẹn tó parí ó sì ti dé Ajẹntínà. Àpótí onígun mẹ́rin ni, orí orúnkún ni wọ́n ń gbé e sí. Èyí tí àwọn ará Ajẹntínà ń lò ní bọ́tìnnì 71, 38 lápá ọ̀tún, 33 lápá òsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń mú nóòtù kan jáde tí ẹwìrì bá ń ṣí, tó ń mú òmíràn jáde tó bá ń padé. Kò ní bọ́tìnnì kọ́ọ̀dù kankan, ìyẹn bọ́tìnnì kan tó ń mú nóòtù mélòó kan jọ dún. Èyí tó kàn yín jù níbẹ̀ ni pé ìgbà ṣíṣí ni àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ń tẹ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Wọ́n á jẹ́ kí apá méjèèjì já sílẹ̀ lórí orúnkún, ìwúwo àpótí náà á bá wọn fa ẹwìrì, lẹ́yìn náà wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ irin afẹ́fẹ́, wọ́n á pa á dé wàrà láìsí ohùn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà orin kọ̀ọ̀kan wá ní ìró líle níbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ibi tó ti mí. Ohun tí ọwọ́ òsì yín máa ṣe lórí àkọ́díọ̀nù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn jù. Ní ẹ̀gbẹ́ kíì ọwọ́ ọ̀tún, ẹ óò rí àwọn bọ́tìnnì gbọọrọ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ohùn, wọ́n ya òbìrí àti dọ́ọ̀tì sí wọn lára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń fi gbogbo ahọ́n irin, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń mú dún, sílẹ̀ kí wọ́n jọ dún, torí pé ó ń kún yàrá. Kíkún yẹn gan-an ló ń sọ táńgò di dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá èyí tó ní dọ́ọ̀tì kan láàárín àti ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ “Bandoneon” sí i. Ahọ́n méjì péré ló ń dún níbẹ̀, ọ̀kan fi ọ́kítéèfù kan (láti dó dé dó) wà lábẹ́ èkejì. Èyí tó ní dọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín ni ti musette, orin ijó àwọn ará Párìsì: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tún àwọn ahọ́n yẹn ṣe kí wọ́n má bára dọ́gba tán, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi ń gbọ̀n. Ohùn gbígbọ̀n yẹn dára fún Párìsì. Ẹ má gbé e dé Buenos Aires.

Ẹ jókòó sórí àga tí kò ní apá. Àkọ́díọ̀nù oníbọ́tìnnì 120 sábà máa ń wúwo tó kílò 9 sí 12, tí okùn kò bá dára, èjìká àti ẹ̀yìn ló máa jìyà ẹ̀. Okùn èjìká òsì ni kó kúrú díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, kí ẹwìrì lè jókòó sórí itan òsì. Okùn tí ọwọ́ òsì ń wọ̀ gbọ́dọ̀ fún débi pé tí ẹ bá fà, kò ní sí àlàfo láàárín ẹ̀yìn ọwọ́ yín àti awọ náà. Tí àlàfo bá wà, ọwọ́ yín á kọ́kọ́ rìn kí ẹwìrì tó gbọ́, gbogbo ìró líle yín á sì máa pẹ́ dé. Wíìlì kékeré kan wà lókè okùn náà tí ẹ fi lè fún un. Tí awọ bá ti gbó, àwọn tó ń rán báàgì awọ ní Iléṣà lè rán òmíràn fún yín. Iṣẹ́ ìta nìyẹn, kò léwu.

Ìdánrawò àkọ́kọ́ kò ní orin nínú. Ẹ ṣí metronome, áàpù tó ń ka bíìtì, sórí fóònù, ẹ fi sí bíìtì 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ nóòtù A kan ṣoṣo, ẹ ṣí ẹwìrì fún bíìtì 8, ẹ pa á dé fún bíìtì 8. Ohùn náà kò gbọdọ̀ wú, kò gbọdọ̀ rù, ẹni tó bá wà ní yàrá kejì kò sì gbọdọ̀ mọ ìgbà tí ẹ yí padà. Ẹ gbé e lọ sí 12, lẹ́yìn náà 16. Òkè ẹwìrì ni kó máa ṣí ju ìsàlẹ̀ lọ. Tí ohùn bá ń mì, èjìká lẹ fi ń fà á; ẹ jẹ́ kí agbára ti igunpá wá. Ìdánrawò kejì ló ṣòro jù fún atẹdùùrù: ẹ di A yẹn mú, ẹ má gbé ìka kúrò, kí ẹ fi ẹwìrì nìkan gé ohùn náà sí mẹ́rin, tà, tà, tà, tà. Ìka kò ṣe nǹkan kan. Apá òsì á fà díẹ̀, á dúró gbagidi, á tún fà. Ọjọ́ tí tà kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ lójijì tó sì parí lójijì, láìsí ìrù, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ táńgò.

Ó yá, ẹ fi bọ́tìnnì kún un. Láti ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì, ìlà kejì ni béèsì gangan, ìkẹta ni kọ́ọ̀dù méjọ̀, ìkẹrin ni máínọ̀, ìkarùn-ún ni sẹ́fúnù. Bọ́tìnnì béèsì C ní kòtò kékeré tàbí òkúta lórí kí ìka lè mọ̀ ọ́n láìwò. Láti C, tí ẹ bá ń lọ sókè síhà àgbọ̀n, G ló kàn, lẹ́yìn náà D, A, E. Ẹ wò ó: D wà lábẹ́ A gẹ́rẹ́, E wà lókè A gẹ́rẹ́. Táńgò tó bá wà ní A máínọ̀ kò ní gbé ọwọ́ yín jìnnà, A máínọ̀, D máínọ̀ àti E sẹ́fúnù ti tò tira. Ìka òrùka ni kó máa tẹ béèsì, ìka àárín tàbí ìfábẹ̀lá kó máa tẹ kọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún kọ́ọ̀dù wọ̀nyí o. Bọ́tìnnì kan ń mú nóòtù mẹ́ta dún ní ọ́kítéèfù bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè bo orin mọ́lẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbé ìka kúrò kíá, bí ẹni pé bọ́tìnnì náà gbóná. Níbi tí orin bá ti rẹlẹ̀, ẹ pa kọ́ọ̀dù tì, kí ẹ fi béèsì nìkan gbé e.

Wọ́n ń ka táńgò ní mẹ́rin. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lu mẹ́rin yẹn ni wọ́n ń pè ní marcato: ìkíní àti ìkẹta wúwo, ìkejì àti ìkẹrin fúyẹ́, gbogbo wọn kúrú. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò dún bí ọmọ ogun tó ń yan. Arrastre ló kù, ìyẹn wíwọ́ wọlé. Kí ìkíní tó dé, ní ìdajì tó kẹ́yìn nínú ìkẹrin, ẹ ti tẹ béèsì, kí ẹwìrì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó máa wú, kó máa wú, kó dé orí ìkíní pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì gé e níbẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ wọ A máínọ̀: ìka òrùka ti wà lórí A, ẹwìrì ń fa ohùn kékeré kan bí ìkùn ẹkùn, ìfábẹ̀lá wá já lé máínọ̀ lórí ìkíní gẹ́lẹ́, ìka méjèèjì kúrò, ẹwìrì dúró. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ara orin. Ẹ lu báà mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ (bíìtì mẹ́rin ni báà kan): méjì A máínọ̀, méjì D máínọ̀, méjì E sẹ́fúnù, ẹ padà sí A máínọ̀. Ẹ máa yí ẹwìrì padà lẹ́yìn báà méjì méjì, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sí níbòmíràn. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé èèyàn á yí ẹwìrì padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán, ìyẹn ní àárín ìlà orin, bí akéwì tó lọ mí láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ẹ ó ti yí i kí ẹ tó fọwọ́ kan kíì. Láti 60, ẹ máa fi 4 kún un, ẹ má sì kọjá 120.

Tí marcato bá ti dúró, ẹ fi síncopa kún un: kúkúrú, gígùn, kúkúrú láàárín bíìtì méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkẹta àti ìkẹrin bó ṣe wà. Ìkẹta nínú ọ̀nà lílù wọ̀nyí ni 3-3-2. Ẹ ka 1 dé 8, kí ẹ lu 1, 4 àti 7. Etí Yorùbá kò ní ṣàjèjì sí i, ó sì nídìí. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí etí odò Río de la Plata ló dá candombe, orin onílù kan, sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó wà lára ohun tí milonga (orin ijó mìíràn níbẹ̀) àti táńgò hù láti inú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ olórin táńgò ayé àtijọ́ kò ní ìlù: bandoneon, fayolíìnì, píánò àti béèsì onígi ńlá ni wọ́n. Àwọn ohun èlò yẹn ló ń pín iṣẹ́ ìlù ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún onílù yín kó sinmi tí ẹ bá ń tẹ táńgò. Àwọn onílù ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń pín bíìtì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta láìmọ̀, táńgò sì ń pín in sí méjì àti mẹ́rin. Tí onílù bá ti dá sí i, ó di orin ìyìn padà.

Ọwọ́ ọ̀tún wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti rí àyàn lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìdáhùn. Gúdúgúdú àti kẹríkẹrì kì í yẹ̀ lójú kan, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú lórí wọn, ó lè yára, ó lè fà sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì yín ni gúdúgúdú, ọwọ́ ọ̀tún ni ìyáàlù. Ẹ jẹ́ kí orin fà sẹ́yìn díẹ̀ kó sì sáré bá béèsì ní òpin ìlà, ṣùgbọ́n kí béèsì má dúró dè é láéláé. Ọ̀nà tó yá jù láti kọ́ ọ ni kí ẹ gbọ́ akọrin, kì í ṣe atẹ bandoneon. Ẹ gbọ́ Carlos Gardel, tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Medellín ní 1935. Gìtá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń lọ geere, òun ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré lórí rẹ̀. Ẹ kọ orin náà lẹ́nu ní dó-rè-mí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ní ti èyí tí ẹ ó kọ́, El Choclo ti Ángel Villoldo, tó jáde ní 1903, ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni La Cumparsita, tí Gerardo Matos Rodríguez ará Montevideo kọ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ lù ú fáráyé gbọ́ ní 1917. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fò lọ sọ́dọ̀ Astor Piazzolla (1921 sí 1992), ará Ajẹntínà tó sọ táńgò di tuntun, nítorí pé 3-3-2 rẹ̀ ń múni lórí yá. Ẹ ní sùúrù. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ táńgò àtijọ́ kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Nadia Boulanger, olùkọ́ orin, ní Párìsì ní 1954, ohun tó fọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ. Ẹni tí marcato rẹ̀ kò tíì dúró, tó bá tẹ Piazzolla, eré ìka lásán la ó gbọ́. Ẹ má gbàgbé ìparí táńgò náà: nóòtù méjì, kọ́ọ̀dù E sẹ́fúnù tó le, lẹ́yìn náà A máínọ̀ tó rọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Àwọn tó wá láti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fa èyí tó gbẹ̀yìn gùn bí Àmín.

Àwọn ilẹ̀ yòókù, ẹ fi ohun tí wọ́n máa kọ́ ẹwìrì yín yàn wọ́n. Waltz musette ti Faransé ń fẹ́ ẹwìrì tó ń lọ geere, ó sì wà nítòsí ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹ fi ṣe ìsinmi. Baião ti Bràsíl, tí Luiz Gonzaga (1912 sí 1989) gbé dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ń fẹ́ ẹwìrì tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń pa dé ní kíákíá láìjẹ́ kí ìka kúrò; ẹ tẹ mẹ́rin nínú bíìtì kan, ṣí, pa, ṣí, pa, ní 60, nígbà tí ẹwìrì kò tíì ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Tó bá ti ṣí púpọ̀, ó ti wúwo jù láti gbọ̀n. Ruchenitsa ti Bùlgáríà ń ka 7, méjì, méjì, mẹ́ta. Ó dára fún ọpọlọ, ṣùgbọ́n òde ìnáwó kò ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ́ sí. Vallenato ti Kòlóḿbíà àti funaná ti Cape Verde dùn gan-an, àmọ́ àkọ́díọ̀nù oníbọ́tìnnì tí ohùn rẹ̀ ń yàtọ̀ ní ṣíṣí àti pípadé ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, kò tọ́ kí ẹ fi ti yín bẹ̀rẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Iléṣà, ẹ má ṣe fo I.K. Dairo. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí kò jìnnà sí yín, ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó sì gbayì débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Ẹ gbọ́ bí àkọ́díọ̀nù ṣe ń dá ohùn èèyàn lóhùn nínú orin rẹ̀, tó ń sọ ohun kúkúrú tó sì ń yàgò. Tí ẹ bá kọ́ orin rẹ̀ kan lẹ́yìn táńgò, ẹ óò gbọ́ bí ọwọ́ òsì kan náà ṣe ń sọ èdè méjì.

Nípa àpótí náà fúnra rẹ̀. Ẹ tú okùn tó di ẹwìrì, ẹ gbé apá kíì sókè, kí apá béèsì fi ìwúwo ara rẹ̀ wálẹ̀ láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Tó bá ń rọra wálẹ̀, ó dára. Tó bá já ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹwìrì ń jò, ìyẹn á sì jẹ ìró líle yín tán. Nóòtù kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n méjì, ọ̀kan fún ṣíṣí, ọ̀kan fún pípadé. Tí kíì kan bá dún ní apá kan tí kò dún ní ìkejì, ìdọ̀tí ló sábà máa ń há ahọ́n yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra pẹ̀lú ẹwìrì líle. Tí kò bá gbọ́, ẹ wá ẹni tó mọ inú àkọ́díọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín epo sí i: awọ pẹlẹbẹ tó bo ahọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn, ó parí nìyẹn. Ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi ló di àwọn ahọ́n náà mú. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 62 sí 64 lórí Sẹ́lísíọ̀sì, ó sì ti ń rọ̀ kó tó débẹ̀, nítorí náà búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn kì í ṣe ibi tí ẹ máa gbé e sí láti Iléṣà dé Ifẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin ń mú kí irin dípẹtà, ẹ má gbé àpótí rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ kó àwọn àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀. Kó máa wà lóòró bí ìgbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kí àwọn awọ inú rẹ̀ má baà tẹ̀.

Fún ìṣẹ́jú 30 ti Ilé-Ifẹ̀, orin mẹ́fà ti tó. Waltz kan kó ṣáájú kí ọwọ́ lè gbóná, táńgò méjì tẹ̀ lé e, baião kan, kí ẹ wá pe onílù padà fún jùjú méjì tí àwọn èèyàn á fi jó. Ẹ ní kí wọ́n gbé máìkì méjì fún yín, ọ̀kan níwájú apá kíì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, ọ̀kan fún apá béèsì, kí ọ̀kankan má kọjú sí ẹwìrì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ èémí rẹ̀ ni wọ́n á máa gbọ́. Kí ẹ sì tún ohùn bára mu kí àlejò tó dé. Ẹ kò lè tún àkọ́díọ̀nù ṣe lórí ìjókòó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tún sí A 442 (iye ìgbà tí nóòtù A ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dípò 440 tí kíbọ́ọ̀dù máa ń bá wá. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù wo A ti yín, kí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wọ ibi tí wọ́n kọ “Master Tune” sí, kó gbé tirẹ̀ dé iye yẹn, kí onígìtá béèsì náà sì gba ohùn lẹ́nu àkọ́díọ̀nù.